Ìdájọ́ Tó Jẹ́ Ààbò: Ohun Tí Àwọn Wòlíì Hébérù Ń Sọ Nípa Ẹni Tí Wọ́n Rẹ́ Jẹ

Bí a bá tú gbólóhùn kékeré kan nínú orí kìíní ìwé wòlíì Àìsáyà láti èdè Hébérù sí Yorùbá láìfi nǹkan kan kún un, ohun tí yóò jáde ni: “Ẹ dájọ́ ọmọ aláìníbaba.” Etí Yorùbá kì í tètè gba irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọlé. Kí ni ọmọ tí baba rẹ̀ kú ṣe tí wọ́n fi ní kí wọ́n dájọ́ rẹ̀? Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, ẹni tó bá wí fún ẹlòmíràn pé “Ọlọ́run yóò dájọ́” kò súre fún un. Ó ń halẹ̀ mọ́ ọn ni. Ọjọ́ ìdájọ́ jẹ́ ọjọ́ tí à ń bẹ̀rù. Nítorí náà, nígbà tí òǹkàwé bá dé inú ewì àwọn wòlíì, tó sì rí i pé àwọn òtòṣì ibẹ̀ ń wá ìdájọ́ bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ṣe ń wá omi, ọ̀rọ̀ náà a dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé nínú àwọn ewì wọ̀nyí, ààbò Ọlọ́run àti ìdájọ́ Ọlọ́run kì í ṣe nǹkan méjì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni: ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ dúró ní ìhà kan, ó pè é ní ààbò, ẹni tó rẹ́ ni jẹ dúró ní ìhà kejì, ó pè é ní ìparun.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a ń tú sí ìdájọ́ ni mishpat, inú ọ̀rọ̀-ìṣe shafat ló sì ti wá. Ẹni tó ń ṣe shafat lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí adájọ́, ṣùgbọ́n ó tún lè dìde gba ẹni tí ìyà ń jẹ sílẹ̀, kí ó sì mú nǹkan tó ti wọ́ padà tọ́. Ẹ̀rí èyí wà nínú ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ìyẹn Ìwé Àwọn Onídàájọ́. Dèbórà ni ìwé náà sọ pé ó ń jókòó lábẹ́ igi ọ̀pẹ, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé ẹjọ́ wá síwájú rẹ̀. Sámúsónì ńkọ́? Nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, kò sí ibi tó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ìwé náà sọ pé ó ṣe ìdájọ́ Ísírẹ́lì fún 20 ọdún. Bíbá àwọn Filísínì tó ń ni àwọn ènìyàn rẹ̀ lára jà ni ìdájọ́ tirẹ̀. Onídàájọ́ nínú ìwé náà jẹ́ olùgbàlà ju adájọ́ ilé ẹjọ́ lọ.

Bí a bá sì yẹ èdè tiwa wò dáadáa, a óò rí i pé òun náà kò kọ ìtumọ̀ yìí. Dídá ẹjọ́ kì í ṣe dídá lẹ́bi nìkan. Nígbà tí a bá dá ẹjọ́ láàárín ènìyàn méjì, ẹnì kan gba àre, ẹnì kejì gba ẹ̀bi, àwọn méjèèjì ni a sì dá ẹjọ́ fún. Ó kàn jẹ́ pé etí wa ti mọ́ sí ìhà ẹlẹ́bi débi pé a kì í rántí ẹni tó jáde pẹ̀lú àre mọ́. Etí àwọn wòlíì Hébérù wà ní ìhà olùpẹjọ́. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ “ìdájọ́”, ẹni tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni opó tó ti ń lọ tó ń bọ̀ nítorí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ìrísí ewì náà fúnra rẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ èyí. Ewì Hébérù kì í fi ìró ìparí ọ̀rọ̀ so ìlà pọ̀. Ìlà kejì máa ń gba ọ̀rọ̀ ìlà kìíní sọ ní ọ̀nà mìíràn, tàbí kí ó tì í síwájú díẹ̀, bí ẹni tó ti gbọ́ oríkì rí ṣe mọ̀ pé akéwì kì í sọ ohun tó dùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan kí ó dákẹ́. Robert Lowth, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ewì ní Oxford, ló ṣàlàyé àṣà yìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù nínú ìwé èdè Látìnì tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1753. Ó wúlò fún àwa náà, nítorí pé bí ìlà kan bá ṣòro, ìlà tó tẹ̀ lé e ni olùtúmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn “Ẹ dájọ́ ọmọ aláìníbaba,” ohun tí Àìsáyà sọ tẹ̀ lé e ni “ẹ gba ẹjọ́ opó rò.” Ìlà kejì ti tú ìdí ìlà kìíní: ọmọ aláìníbaba náà kọ́ ni wọ́n fẹ́ fìyà jẹ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bá a gbà. Bákan náà ni orí 11, níbi tí wòlíì ti sọ̀rọ̀ ọba rere kan tí yóò “fi òdodo dájọ́ òtòṣì.” Ẹni tó bá ka ìlà náà nìkan lè bẹ̀rù fún òtòṣì ọ̀hún, ẹni tó bá ka ìlà tó tẹ̀ lé e yóò rí i pé àwọn ọlọ́kàn tútù ilẹ̀ náà ni ọba ń ṣe ìpinnu tó gún régé fún, àti pé ẹni búburú ni èémí ẹnu rẹ̀ yóò pa.

Ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń bá mishpat rìn ni tsedaqah, tí à ń pè ní òdodo. Nínú orí 5, Àìsáyà kọrin nípa olóko àjàrà kan tó ro ilẹ̀, tó ṣa òkúta kúrò, tó gbin àṣàyàn àjàrà, tí èso kíkan sì jáde. Ó wá fi ọ̀rọ̀ méjì méjì tí ìró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra parí orin náà: Ọlọ́run ń retí mishpat, mispaḥ ló rí, ìyẹn ìtàjẹ̀sílẹ̀, ó ń retí tsedaqah, tse’aqah ló gbọ́, ìyẹn igbe ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Kò sí bí a ṣe lè tú èyí kí adùn rẹ̀ má dín kù. Èyí tó súnmọ́ ọn jù tí mo lè rò ni pé Ọlọ́run ń retí ẹ̀tọ́, ẹ̀tàn ló bá pàdé. Ohun tí wòlíì ń fi ìró náà ṣe ni pé láti òkèèrè, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe òdodo àti ìlú tí wọ́n ti ń rẹ́ ni jẹ lè jọra. Ọjà ń ná, wọ́n ń rúbọ, adájọ́ jókòó sórí àga. Àfi kí ènìyàn tẹ́tí kó tó mọ̀ pé igbe ni.

Ta wá ni ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ yìí? Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ níhìn-ín. Nígbà tí a bá ka “òtòṣì” àti “aláìní”, alágbe tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Kì í ṣe ẹni náà ni wòlíì Ámósì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 760 sí 750 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí Jeroboámù Kejì wà lórí oyè ní Ísírẹ́lì ti àríwá, Ámósì, darandaran tó tún ń tọ́jú èso igi síkámórè, kúrò ní Tékóà ní ilẹ̀ Júdà, ó sì lọ sọ̀rọ̀ ní Bẹ́tẹ́lì, níbi tí ojúbọ ọba wà. Ogun ti rọlẹ̀ nígbà náà, owó sì ti wọ ìlú. Ámósì sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n fi eyín erin ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ àti ibùsùn eyín erin. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì gbẹ́ ilẹ̀ Samáríà, olú ìlú Ísírẹ́lì ti àríwá, ní àwọn ọdún 1930, wọ́n bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfọ́kù eyín erin tí wọ́n fín ní àrà. Ṣùgbọ́n owó tó wọ Samáríà kò ṣàdédé hù jáde.

Òtòṣì inú ewì Ámósì jẹ́ àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òjò kọ̀ lọ́dún kan, ó yá ọkà tí yóò gbìn. Òjò tún kọ̀ lọ́dún kejì, ó fi ẹ̀wù àwọ̀sókè rẹ̀ dógò. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀ ni ọmọ, lẹ́yìn ọmọ ni òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ọn jù ní èdè wa ni ìwọ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wọn ní kí ẹni tí wọ́n rà bẹ́ẹ̀ gba òmìnira lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, opó kan ké sí Èlíṣà pé ẹni tí ọkọ òun jẹ ní gbèsè ti dé láti kó ọmọ òun méjèèjì lẹ́rú. Kò sì sí ẹni tó ní irọ́ ni, nítorí pé ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni. Ohun tí Ámósì dúró lé nìyẹn nígbà tó sọ ní orí 2 pé wọ́n ta olódodo nítorí fàdákà, wọ́n sì ta aláìní nítorí bàtà ẹsẹ̀ méjì. “Olódodo” níhìn-ín kì í ṣe ẹni mímọ́ tó ń gbàdúrà tọ̀sán-tòru. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni: ẹni tí àre jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó yẹ kí wọ́n dá láre ni wọ́n tà, gbèsè tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ tà á kò ju iye bàtà lọ.

Ẹ̀wù tí mo mẹ́nu kàn yẹn ṣe pàtàkì, èmi yóò sì tún padà sí i. Òfin inú Ẹ́kísódù orí 22 sọ pé bí o bá gba ẹ̀wù ọmọnìkejì rẹ dógò, kí o dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé òun nìkan ló ní láti fi bora. Kí ni yóò fi sùn? Ọlọ́run sì fi kún un pé bí ó bá ké pe òun, òun yóò gbọ́. Ámósì wá rí àwọn ènìyàn ńlá tí wọ́n nà gbalaja sórí ẹ̀wù tí wọ́n gbà dógò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, nínú ilé Ọlọ́run wọn. Ilẹ̀ ti ṣú, ẹni tó ni ẹ̀wù wà níta nínú òtútù, ẹni tó gbà á sì ń jọ́sìn lórí rẹ̀. Mo rò pé kò sí àwòrán tó kúrú tó báyìí tó sọ tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé náà. Òun náà ló sì yẹ kí ó tán ìjiyàn àwọn tó ń sọ pé àwọn wòlíì kórìíra ìsìn, nítorí pé Ámósì gbé ọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run lẹ́nu pé òun kórìíra àjọ̀dún wọn. Ìsìn tí wọ́n tẹ́ ẹ̀wù ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè sílẹ̀ láti ṣe ni Ọlọ́run kò fẹ́ gbọ́ orin rẹ̀.

Ibòmíràn tó máa ń rú òǹkàwé lójú ni orí 8, níbi tí wòlíì ti sọ pé àwọn oníṣòwò ń dín efa kù, wọ́n sì ń mú ṣékélì tóbi. Báwo ni ẹnì kan náà ṣe ń dín nǹkan kù tó tún ń mú un tóbi? Efa ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkà, ó tó nǹkan bíi lítà 22. Ṣékélì ni òkúta ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n láti fi mọ bí fàdákà ẹni tó ń rajà ṣe wúwo tó, nítorí pé wọn kò tíì máa ná owó ẹyọ. Ti Júdà tẹ̀wọ̀n tó gíráàmù 11 àti díẹ̀. Bí efa bá kéré, ọkà tí òtòṣì rí gbà yóò dín. Bí òkúta ṣékélì bá sì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, fàdákà tó san yóò pọ̀. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lápá ọ̀tún, wọ́n sì rẹ́ ẹ jẹ lápá òsì, nínú òwò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti fi kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú ra ìrẹsì rí ti mọ ìdajì ọ̀ràn náà láìsí àlàyé. Pàǹtírí ọkà ni wọ́n tún wá pò mọ́ ọn.

Gbogbo èyí ì bá ní àtúnṣe bí ẹnubodè bá dára. Nínú ewì àwọn wòlíì, “ẹnubodè” kì í ṣe ọ̀nà àbáwọlé lásán. Ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ìlú. Ìlú olódi ní yàrá àti àga òkúta ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí irú àga bẹ́ẹ̀ ní ẹnubodè Dánì ní àríwá. Àwọn àgbààgbà a jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, ẹni tó ní ẹjọ́ a sì dúró síwájú wọn, bí Bóásì ṣe gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú wọn nínú ìwé Rúùtù. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnubodè gba kí ènìyàn ní ẹni. Baba ilé ló ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé rẹ̀, ìbátan a sì dúró ti ìbátan. Nísinsìnyí a lè rí ìdí tí àwọn wòlíì fi máa ń dárúkọ àwọn mẹ́ta kan náà lemọ́lemọ́: opó, ọmọ aláìníbaba, àti àlejò. Kì í ṣe pé àwọn nìkan ni wọ́n tòṣì ní ìlú. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé kò sí ọkùnrin ilé tí yóò bá wọn dé ẹnubodè. Ọkọ ti kú, baba ti kú, tàbí kí ìdílé wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí Àìsáyà bá àwọn olórí Jerúsálẹ́mù wí ní orí 1, ohun tó sọ ni pé ẹjọ́ opó kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Wọn kò dá a lẹ́bi. Wọn kò pe ẹjọ́ rẹ̀ ni. Ní orí 10 ó tún gégùn-ún fún àwọn tó ń kọ òfin àìtọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi àkọsílẹ̀ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ òtòṣì. Jíjí ilẹ̀ ní òru rọrùn láti mọ̀. Èyí tí wọ́n fi ìwé gbà ní ọ̀sán ni kò ní olóhùn.

Ibí yìí ni ìbéèrè kan ti máa ń dìde, ìbéèrè gidi sì ni: ṣé Ọlọ́run àwọn wòlíì ń ṣe ojúsàájú fún òtòṣì? Òfin tí àwọn wòlíì dúró lé kọ̀ ọ́. Ẹ́kísódù orí 23 ní kí a má ṣe gbè sẹ́yìn òtòṣì nínú ẹjọ́ rẹ̀, Léfítíkù orí 19 sì ní kí adájọ́ má ṣe ojúsàájú fún tálákà, kí ó má sì bọ̀wọ̀ fún alágbára. Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnubodè náà. Ọlọ́rọ̀ ti ní àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí àga kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òun gan-an lè wà lára àwọn tó jókòó. Bí Ọlọ́run bá dúró ti opó, kì í ṣe pé ó fi èké gbé ìwọ̀n sí ìhà kan. Ó dúró sí àyè tó ṣófo. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún èyí ni go’el, tí Bíbélì wa pè ní Olùràpadà, ọ̀rọ̀ ìdílé sì ni kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìsìn. Go’el ni ìbátan tó ní ojúṣe láti ra ilẹ̀ ìdílé padà, láti ra ìbátan rẹ̀ kúrò ní oko ẹrú, àti láti dìde nígbà tí wọ́n bá ṣe ẹni rẹ̀ níbi. Ìwé Òwe orí 23 kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ inú oko aláìníbaba, nítorí pé Olùràpadà wọn lágbára, yóò sì gba ẹjọ́ wọn rò. Jeremáyà tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní orí 50 nípa àwọn tí wọ́n kó ní ìgbèkùn. Ẹni tó rò pé ọmọ òrukàn kò ní ẹbí yóò rí i pé ẹbí rẹ̀ tóbi ju bí òun ṣe rò lọ.

Ààbò yìí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ámósì bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ìlú tó yí Ísírẹ́lì ká: Gásà tó kó odindi ìlú lẹ́rú tà fún Édómù, Ámónì tó la inú àwọn aboyún Gílíádì nítorí kí ilẹ̀ rẹ̀ lè fẹ̀. Nígbà tó dé orí Móábù, ẹ̀ṣẹ̀ tó kà sí i lọ́rùn ni pé ó sun egungun ọba Édómù di eérú. Ọba Édómù kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, ọ̀tá ni. Síbẹ̀ ẹni tó ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò wà. A lè fojú inú rí àwọn olùgbọ́ Ámósì tí wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bí ó ṣe ń na aládùúgbò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí ọ̀rọ̀ fi wọ ilé wọn.

Ewì tó fi ààbò àti ìdájọ́ hàn ní ojú kan náà jù ni orí 25 ìwé Àìsáyà. Akéwì dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti sọ ìlú olódi kan di òkìtì àlàpà. Kò dárúkọ ìlú náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó mọ̀ọ́mọ̀ má dárúkọ rẹ̀. Láìpẹ́ sí i ó sọ pé Ọlọ́run ti di odi fún òtòṣì, odi fún aláìní nínú ìpọ́njú rẹ̀, ibi ìsádi nígbà ìjì, òjìji nígbà ooru, nítorí pé èémí àwọn aláìláàánú dà bí ìjì òjò tó ń lu ògiri. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ odi ṣe paarọ̀ ọwọ́. Àwọn aláìláàánú ni wọ́n ní odi tẹ́lẹ̀, òtòṣì ló wà níta. Odi wọn wó, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sì di odi fún ẹni tí kò ní. Ìjì tó ń bọ̀ wá bá òtòṣì kò ti ojú ọ̀run wá. Èémí ènìyàn ni, ìbínú àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn alágbára. Ní orí tó tẹ̀ lé e, ìlú gíga náà ti wà ní ilẹ̀, ẹsẹ̀ tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ẹsẹ̀ òtòṣì, ìṣísẹ̀ aláìní. Kò sí ìlà kan nínú ewì náà tí a lè gé kúrò kí a ní ààbò nìyí, ìdájọ́ nìyẹn.

Míkà, tó gbé ní abúlé Mórẹ́ṣétì ní Júdà, tó sì rí àwọn tó ń gba ilẹ̀ ní ọ̀nà tó súnmọ́ ojú, fi ọ̀rọ̀ kan náà so méjèèjì pọ̀. Ó ní àwọn kan ń gbèrò ibi lórí ibùsùn wọn, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣe é nítorí pé agbára wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fojú sí oko, wọ́n gbà á. Ọlọ́run sì fèsì pé òun náà ń gbèrò. Ìjìyà wọn ni pé nígbà tí wọ́n bá tún máa pín ilẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò na okùn ìwọ̀n fún wọn. Àìsáyà ní orí 5 gbé e gba ọ̀nà ilẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹni tó so ilé mọ́ ilé, tó so oko mọ́ oko títí tí òun nìkan fi kù ní àárín ilẹ̀, yóò gbin irúgbìn tó kún homer kan, efa kan ni yóò sì kórè. Efa mẹ́wàá ló wà nínú homer kan. Ìdá mẹ́wàá ohun tó gbìn ló rí kó wọlé.

Èyí tó kù ni ìlà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, Ámósì orí 5 ẹsẹ 24, pé kí ìdájọ́ ṣàn bí omi àti òdodo bí odò. Àwọn ìtumọ̀ kan fi títóbi odò náà ṣáájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ń sọ nípa odò tí kì í gbẹ. Ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ náà ni odò òjò: wọ́n a hó nígbà òtútù, tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyanrìn nìkan ni. Ìdájọ́ irú odò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ní Bẹ́tẹ́lì, tó ń ru sókè ní ọjọ́ àjọ̀dún, tó sì gbẹ ní ọjọ́ tí onígbèsè bá dé ẹnubodè. Èyí tó ń ṣàn lójoojúmọ́ ni Ámósì béèrè fún.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé ohun tí àwọn wòlíì ń sọ ni pé ìyà kò ní jẹ òtòṣì. Wọn kì í purọ́ bẹ́ẹ̀. Ásíríà ṣẹ́gun Samáríà ní nǹkan bí ọdún 722 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí ogun sì wọ ìlú, kò sí ẹni tó ya ilé eyín erin sọ́tọ̀ kúrò lára ahéré. Àìsáyà pe Ásíríà ní ọ̀pá ìbínú Ọlọ́run, ó sì tún sọ nínú orí 10 kan náà pé Ọlọ́run yóò fìyà jẹ ọ̀pá náà nítorí ìgbéraga rẹ̀. Wòlíì Hábákúkù kò lè gbé e mì. Ó béèrè pé títí di ìgbà wo ni òun yóò máa ké tí kò sí ẹni tó gbọ́, pé òfin ti dákú, pé ìdájọ́ tó ń jáde ti wọ́. Nígbà tí Ọlọ́run sì dá a lóhùn pé àwọn ará Kálídéà, ìyẹn àwọn ará Bábílónì, ń bọ̀, ó béèrè bí Ọlọ́run ṣe lè máa wo ẹni búburú tó ń gbé ẹni tó sàn jù ú mì. Ọlọ́run kò bá a wí nítorí ìbéèrè náà. Ó ní kí ó kọ ìran náà sára wàláà, kí ó sì dúró dè é bí ó bá pẹ́. Ìwé Jeremáyà wá fi gbólóhùn kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan sí orí 39, lẹ́yìn tí Jerúsálẹ́mù ti ṣubú ní nǹkan bí ọdún 586: olórí ẹ̀ṣọ́ Bábílónì fi àwọn òtòṣì tí kò ní nǹkan kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Júdà, ó sì fún wọn ní ọgbà àjàrà àti oko ní ọjọ́ náà. Òǹkọ̀wé kò sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Kò sì sọ pé òun kọ́.

Mo ṣèlérí láti padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Ní ọdún 1960, àwọn awalẹ̀pìtàn ń gbẹ́ ilẹ̀ ibi odi kékeré kan ní etí òkun, ní ìsàlẹ̀ Jáfà, tí wọ́n ń pè ní Mesad Hashavyahu lónìí. Wọ́n rí àpáàdì kan tí wọ́n fi tàdáwà kọ èdè Hébérù sí, láti ìparí ọ̀rúndún keje ṣáájú ìbí Kristi, ìyẹn nǹkan bí ìgbà Jeremáyà. Ẹ̀bẹ̀ olùkórè kan ni, tó kọ tàbí tó ní kí wọ́n bá òun kọ sí ìjòyè tó ń ṣàkóso ibẹ̀. Ó ní òun kórè, òun wọn ọkà, òun sì kó o pamọ́ gẹ́gẹ́ bí òun ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, kí Hoshayahu ọmọ Shobay tó wá gba ẹ̀wù òun lọ. Ó ní gbogbo àwọn arákùnrin òun tí wọ́n jọ ń kórè nínú ooru oòrùn yóò jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni, pé òun kò jẹ̀bi. Ó bẹ ìjòyè pé kí ó dá ẹ̀wù òun padà, kí ó má ṣe dákẹ́. Ìsàlẹ̀ àpáàdì náà ti fọ́, ìdáhùn ìjòyè kò sì sí lórí rẹ̀.